Ara Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Èkó

Lọ́dún 1990, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ British Medical Journal gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń di ẹrù lọ sí ìlú ńlá gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yà Luo ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà ni ìwádìí náà dá lé, àwọn tó fi abúlé sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Nairobi. Bí wọ́n ṣe ń dé ni àwọn oníṣègùn ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wọn wò, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jókòó sílé lábúlé, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì. Àwọn tó wá sí Nairobi ni ìfúnpá wọn ga jù látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iyọ̀ ti ń gbilẹ̀ nínú ìtọ̀ wọn, ó sì ti bo pòtásíọ̀mù mọ́lẹ̀, ìyẹn èròjà tí èèyàn ń rí nínú ewébẹ̀ àti èso. Síbẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ń lọ. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí irú ìkìlọ̀ tí à ń ṣe fún ẹni tó bá ń bọ̀ l'Ékòó. Ṣọ́ àpò rẹ. Má wọ ọkọ̀ tí kò bá sí nínú gáréèjì. Má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀ rí. Ìkìlọ̀ rere ni gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ fún ọmọ tó ń ti Ìkìrun tàbí Ṣakí bọ̀ pé oorun rẹ̀ máa dín kù, pé oúnjẹ rẹ̀ máa yí padà láàárín oṣù kan péré, àti pé ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láàárín èrò yaya láìsí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀. Oorun, oúnjẹ, èèyàn: mẹ́ta yìí ni ìlú ńlá kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Ara á ti mọ̀ tipẹ́ kí ọkàn tó fura.

Ibi tí ẹ máa gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́kùn-únkúndùn, nítorí òun ló ń pinnu bí ẹ ṣe máa sùn. Ẹni tó bá ríṣẹ́ sí Victoria Island, tí owó ilé ibẹ̀ sì ju agbára rẹ̀ lọ, á wá ilé lọ sí Ìkòròdù, Ṣàngó Ọ̀tà tàbí Mowé. Ilé á fẹ̀, owó rẹ̀ á sì rọjú díẹ̀. Ohun tí kì í ṣírò mọ́ ọn ni aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ wò ó báyìí ná. Ẹ jí ní aago mẹ́rin, ẹ sì ti wà lójú títì ní aago márùn-ún kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká yín mọ́ orí Third Mainland Bridge. Ẹ ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ délé ní aago mẹ́jọ àbọ̀ tàbí mẹ́sàn-án. Kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ, aago mọ́kànlá ti lù. Wákàtí márùn-ún ló kù láti fi sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2015 ni pé ó kéré tán, wákàtí méje ló yẹ kí àgbàlagbà máa sùn lóru.

Àwọn kan á ní ó ti mọ́ àwọn lára. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, àárẹ̀ sì hàn gbangba lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Hans Van Dongen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania wádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2003. Wọ́n kó àwọn tí ara wọn le jọ, wọ́n ní kí àwọn kan máa sùn wákàtí mẹ́jọ lóru, kí àwọn kan máa sùn mẹ́fà, kí àwọn kan máa sùn mẹ́rin péré, fún ọjọ́ 14. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dán wọn wò bóyá ojú wọn ṣì dá, bóyá ọwọ́ wọn ṣì yá. Àwọn tó ń sùn mẹ́fà àti àwọn tó ń sùn mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn, títí tí wọ́n fi ń ṣe bí ẹni tí kò fojú ba oorun rárá fún òru kan sí méjì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi wọ́n léèrè bí oorun ṣe ń kùn wọ́n sí, wọ́n á ní kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ń rẹ̀ wọ́n sí i lójoojúmọ́, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ó ti mọ́ òun lára nìyẹn, pàápàá tó bá jẹ́ pé òun ló ń wa ọkọ̀, tàbí òun ló ń fún aláìsàn lóògùn.

Ẹ lè sọ pé owó ilé tó dín kù á dí i fún yín. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì láti Switzerland, Alois Stutzer àti Bruno Frey, yẹ irú àròjinlẹ̀ yìí wò nínú àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún láti Jámánì, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2008. Ohun tí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé sọ fún wọn ni pé ẹni tó ń rìn jìnnà lọ síbi iṣẹ́ á ti rí èrè rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú owó oṣù, ì báà jẹ́ nínú ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe ń gùn sí i ni ìtẹ́lọ́rùn ń dín kù, èrè kankan ò sì dí àlàfo náà. Ó yé mi dáadáa. Yàrá fífẹ̀ ń dùn mọ́ni lóṣù àkọ́kọ́, ó wá di ohun tí a ò rí mọ́. Ojú ọ̀nà kì í di ohun tí a ò rí mọ́, nítorí ojoojúmọ́ ló ń fojú tuntun yọ: òní ọkọ̀ akẹ́rù ṣubú, ọ̀la òjò rọ̀, ọ̀tunla epo wọ́n.

Nítorí náà, ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ gba yàrá kékeré tó sún mọ́ ibi iṣẹ́, kí ẹ fi ilé ńlá sílẹ̀ fún ìgbà tó bá yá. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ilé tó sún mọ́ ojú irin. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina, Red Line sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Àgbàdo àti Ọ̀yìngbò lóṣù kẹwàá ọdún 2024. Rélùwéè kì í bá danfo tò lórí bíríìjì. Kí ẹ tó sanwó ilé èyíkéyìí, ẹ dán ọ̀nà rẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní wákàtí gan-an tí ẹ ó máa jáde. Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì fẹ́ràn láti mú èèyàn lọ wo ilé, nígbà tí títì dá páropáro. Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá àmì omi wà lára rẹ̀. Ẹ bi ayálégbé tó wà níbẹ̀ léèrè nípa omi àti iná, kì í ṣe onílé. Kí ẹ sì mọ̀ pé òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 kò gba onílé láyè láti gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ní àwọn àdúgbò tí òfin náà dé. Ọ̀pọ̀ ló ń san ọdún méjì nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Èkó fúnra rẹ̀ ti rí i rí, ohun tí ilé tó dára lè gbà lọ́wọ́ èèyàn. Lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri pa èèyàn nílùú lọ́dún 1924, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1928 láti máa tún ìlú tò, ìyẹn Lagos Executive Development Board. Nígbà tó di àárín ọdún 1950 sí 1960, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun ni, ó ní ààyè, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń kọ́ nípa àwùjọ, lọ bá àwọn ìdílé wọ̀nyí nílé, ó sì kọ ìwé jáde nípa wọn lọ́dún 1961. Àwọn obìnrin tó ń tajà ti pàdánù oníbàárà wọn. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ìyá àgbà tí àwọn ọmọ ń yà kí láàárọ̀, tí wọ́n tún ń yà kí lálẹ́, ti di ẹni tí wọ́n ń ṣètò ìrìn àjò kí wọ́n tó lọ wò. Ọ̀pọ̀ wọn gba ilé tó dára ju ti àtijọ́ lọ, ayé sì nira fún wọn níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ilé, ẹ ka àwọn èèyàn tó sún mọ́ ọn mọ́ iye yàrá rẹ̀.

Ká wá wọ inú yàrá náà wàyí. Ohun tó ń pa oorun l'Ékòó pọ̀, èyí tó sì léwu jù ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe oorun nìkan ló ń pa. Ẹ ti rí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní I better pass my neighbour. Nítorí ìbẹ̀rù olè, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn kan á gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ fèrèsé, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á tan fáànù, wọ́n á sùn. Èéfín tí a ń rí kọ́ ni apànìyàn inú rẹ̀. Gáàsì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ carbon monoxide, tí kò láwọ̀, tí kò sì lóòórùn. Ẹ̀jẹ̀ ní èròjà pupa kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Gáàsì yìí ń lẹ̀ mọ́ èròjà náà ní ìlọ́po tó ju igba lọ bí oxygen ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gba ipò lọ́wọ́ oxygen. Ẹni tó ń sùn ń mí dáadáa, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọpọlọ rẹ̀ ò sì rí oxygen lò. Tó bá jí, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, á rò pé ibà ni. Ọ̀pọ̀ kì í jí. Ibi tí ó kéré tán fi mítà mẹ́fà jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, níta gbangba, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí èéfín ń gbà jáde kọjú síbi tí kò sí ilé, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì nítorí olè. Bí àyè ò bá gba mítà mẹ́fà, ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Ooru yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa ń ni èèyàn lára, ṣùgbọ́n gáàsì yìí ń pa odindi ìdílé. Tí ẹ bá bá ẹnìkan tó dákú nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbé e síta, ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni ìpè méjèèjì.

Ariwo ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn, orin ní ilé ọtí, ìró fèrè ọkọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ lè máà jí mọ́ tí wọ́n bá ń pariwo, ẹ á sì rò pé ó ti tán. Ara ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí oorun ti fi ẹ̀rọ wo ọkàn àwọn tó ń sùn nínú ariwo, wọ́n sì rí i pé bí ọkọ̀ bá ti kọjá, lílù ọkàn á sáré díẹ̀, bí onítọ̀hún ò tiẹ̀ lajú. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dámọ̀ràn lọ́dún 2018 pé kí ariwo ọkọ̀ lóru má ju decibel 45 lọ níta ilé. Ẹ gbé ibùsùn lọ sí yàrá tó jìnnà sí títì, kódà bó bá jẹ́ pé yàrá àlejò ni ẹ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ ra ohun kékeré tí wọ́n fi ń dí etí, tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn. Bí ó bá le jù, LASEPA ni àjọ tó ń gba ẹ̀sùn ariwo ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú mọmọ. Ẹni tí ẹ ti ń kí láàárọ̀ á gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín lálẹ́ ju àjèjì lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gbé wa padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Luo tí iyọ̀ gbilẹ̀ nínú ìtọ̀ wọn. Ẹni tó ń jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì nílé, tó ń já ewé tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ń jẹ ìbẹ́pẹ tó pọ́n lórí igi, dé Èkó, ó sì di ẹni tó ń jẹ Indomie lálẹ́ nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń jinná. Láàárọ̀, búrẹ́dì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, Gala àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lọ́sàn-án, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ní búkà, èyí tí wọ́n da mágì sí lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó lè dùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún gogo, iyọ̀ inú mágì, inú búrẹ́dì àti inú ìyẹ̀fun Indomie sì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ ń fa omi mọ́ra sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ nínú iṣan, iṣan á máa le. Pòtásíọ̀mù ló ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti lé iyọ̀ náà jáde, ibi tí ó sì wà ni ohun tí àlejò ti pa tì: ewébẹ̀, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn.

Mi ò ní kí ẹ má jẹun ní búkà mọ́. Ẹ kàn ní kí olóúnjẹ fi ẹ̀fọ́ kún un, kó dín ọbẹ̀ kù, kí ẹ sì fi ẹ̀wà rọ́pò ìrẹsì lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Ẹ se ìkòkò ẹ̀wà kan lópin ọ̀sẹ̀, ẹ pín in sí abọ́, ẹ gbé e sí fìríìjì tí iná bá wà. Bí iná ò bá sí, èyí tí ọjọ́ méjì tó ni kí ẹ sè, kí ẹ sì máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ se Indomie, ẹ dá ìdajì àpò iyọ̀ rẹ̀ nù, ẹ já ewé sí i, ẹ fọ ẹyin sí i. Nígbà tí ẹ bá pé oṣù mẹ́ta l'Ékòó, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ tún lọ nígbà tí ẹ bá pé oṣù mẹ́fà. Bó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, àwọn tó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rò pé àrùn àgbà ni.

Ti omi kò gùn. Omi bóhóòlù tó mọ́ gaara lójú lè ní ìdọ̀tí ṣálángá nínú, nítorí ilé ti fún mọ́ra jù. Ẹ sè é títí tí á fi máa hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ tó mu ún. Bí ẹ bá ń ra omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì fọ ara ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín ya á. Àrùn onígbáméjì jà l'Ékòó lóṣù kẹfà ọdún 2024, omi àti oúnjẹ tí ìdọ̀tí wọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú yín, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ rẹ́ lẹ́nu dọ́gba, sínú omi mímọ́ lítà kan, ẹ máa mu ún bí ẹ ṣe ń lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ èèyàn ló kù, òun ló sì máa ń dun ọmọ Yorùbá jù. Ẹ kí èèyàn mẹ́wàá láàárọ̀, méjì ló dáhùn. Àlejò á ní ará Èkó ò lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1970, Stanley Milgram, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó tù mí nínú: ojú àti ìró tó ń kọlu ará ìlú ńlá lóòjọ́ pọ̀ ju èyí tí ọpọlọ lè gbà lọ, nítorí náà ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí kò dá yín lóhùn ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, inú ń bí i sí ọ̀nà, ó ń ronú owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ máa kí i ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa retí yín.

Ìlera wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́dún 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ, iye èèyàn inú rẹ̀ lé ní 300,000, wọ́n sì rí i pé àwọn tó lẹ́ni dáadáa fi nǹkan bí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní àǹfààní láti wà láàyè ju àwọn tí kò lẹ́ni lọ láàárín ìgbà tí wọ́n fi tẹ̀ lé wọn. Nítòsí wa níbí, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ó fi àwọn aláìsàn sínú ilé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí kan tó bá wọn wá. Oògùn wà níbẹ̀, èèyàn náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ wá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín l'Ékòó láàárín oṣù àkọ́kọ́, kó tó di pé ìṣòro gbé yín lọ bá wọn. Ẹ yan ilé ìjọsìn tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, bó tiẹ̀ kéré, kí ẹ fi èyí tó lókìkí ní òdìkejì ìlú sílẹ̀ fún ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹ dá àjọ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń tajà nítòsí yín. Ẹni tí ẹ jọ ń dájọ máa ń béèrè yín tí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ fún aládùúgbò méjì ní nọ́ńbà ẹbí yín nílé. Bí ìbànújẹ́ bá wá dì mọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tí oúnjẹ ò wù yín, tí ẹ ò rí oorun sùn, tàbí tí ẹ ń rò ó pé ó sàn kí ẹ kú, ẹ má retí kó lọ fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ Yaba Left dẹ́rù ba ara wọn, ti ń tọ́jú èèyàn láti ọdún 1907. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ń gba ìtọ́jú lọ sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń padà síbi iṣẹ́ wọn.

Lójú ọ̀nà, ẹ mú owó kéékèèké dání. Kọ̀ńdọ́ tí kò ní ṣéńjì á so ẹ̀yin àti ẹlòmíì pọ̀ mọ́ owó kan, á fi yín sílẹ̀ ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù láti pín in, ẹni tó ń kánjú ló sì ń pàdánù. Ẹ sọ "ówà o" kí ọkọ̀ tó dé ibi tí ẹ fẹ́ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó dúró gbọin kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má wọ ọkọ̀ òfìfo tó ń pe èrò níbi tó ṣókùnkùn, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Nígbà tí ẹ bá sì ti pẹ́ díẹ̀, tí ẹ ń múra àtilọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ rántí ẹ̀fọn. Èyí tó kún inú gọ́tà l'Ékòó, tó ń kùn sí wa létí, Culex ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì í gbé ibà malaria. Anopheles ló ń gbé e, omi tó mọ́ díẹ̀ ló sì fẹ́ràn láti yé sí, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ ní ìgbèríko ju àárín ìlú lọ. Ẹni tó dàgbà sábúlé ní agbára díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá malaria jà, ṣùgbọ́n agbára yìí ń dín kù tí ẹ̀fọn rẹ̀ kò bá jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Sùúrùlérè lè máà ní in rárá. Àwọn òbí á kó ọmọ lọ sílé bàbá àgbà, inú gbogbo èèyàn á dùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí wọ́n padà dé Èkó, ara ọmọ á gbóná, wọ́n á ní oòrùn abúlé ni. Ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn sí dání fún gbogbo ẹni tó ń lọ, ẹ so ó lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ará ilé tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé ẹ ti di ará Èkó. Tí ibà bá sì mú ọmọ láàárín oṣù kan tí ẹ padà dé, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ìlú òkè ni ẹ ti ń bọ̀.